Gbòǹgbò Likorísì Fún Ikọ́ Àti Ọ̀fìnkìn: Bí A Ṣe Ń Wọ̀n Ọ́n, Bí A Ṣe Ń Sè É, Àti Ìgbà Tó Yẹ Ká Fi Í Sílẹ̀

Bí ọ̀fìnkìn bá mú èèyàn, ohun méjì ló sábà máa ń yọ ni lẹ́nu ju imú tó ń ṣomi lọ: ọ̀nà ọ̀fun tó ń ta ni bí ìgbà tí wọ́n fi yanrìn ha á, àti ikọ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn fojú ba oorun. Àwọn méjèèjì yìí ni gbòǹgbò likorísì lè bá wa rọ̀ lójú. Imú tó dí, ara tó gbóná àti orí fífọ́ kò sí lára iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀fìnkìn fúnra rẹ̀, kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, oríṣi wọn sì lé ní 200. A ò tíì rí ewé tàbí egbò kan tó dájú pé ó ń pa wọ́n nínú ara èèyàn. Ara ló ń bá wọn jà fúnra rẹ̀, ó sì sábà máa ń borí láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ lè fà lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí à ń wá lọ sọ́dọ̀ likorísì ni ìtura láàárín àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, ká lè jẹun, ká lè sùn.

Àgbo tó bá korò máa ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó mu ife kan kò ní bèèrè èkejì. Likorísì ní tirẹ̀ dùn. Adùn yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn kà á sí oògùn, bẹ́ẹ̀ inú adùn náà gan-an ni agbára rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa sọ̀rọ̀ ìwọ̀n ju ọ̀rọ̀ sísè lọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Sísè rẹ̀ kò le rárá.

Ohun tó wà nínú gbòǹgbò náà

Igi kékeré kan tó wá láti ìdílé ẹ̀wà ni likorísì. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Glycyrrhiza glabra, ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń lò jù ní ilẹ̀ Ṣáínà sì ni Glycyrrhiza uralensis. Glabra máa ń hù láti gúúsù Yúróòpù dé ìwọ̀ oòrùn Éṣíà. Ọdún kẹta tàbí ìkẹrin ni wọ́n sábà máa ń wa gbòǹgbò rẹ̀, tí wọ́n á fọ̀ ọ́, tí wọ́n á sì sá a gbẹ. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ilẹ̀ gbígbẹ, inú rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Kì í ṣe ohun tuntun rárá: Theophrastus, onímọ̀ nípa ewéko ará Gíríìsì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní èyí tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn pé ó dára fún ikọ́ gbígbẹ àti ikọ́ fée. Nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà, àìmọye àpòpọ̀ egbòogi ni wọ́n ń fi í sí kí àwọn tó kù lè bára wọn mu.

Ohun tó ń mú un dùn ni wọ́n ń pè ní glycyrrhizin. Ó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po 30 sí 50. Ní ọ̀fun, omi gbòǹgbò yìí máa ń bo awọ ibi tó ń ta ni, ó ń mú kí ọ̀fun tutù, wọ́n sì ti ń lò ó tipẹ́ láti mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rọ̀ kó lè jáde. Ibi tó dára nìyẹn.

Bó bá ti gba ọ̀fun kọjá, ìtàn yí padà. Àwọn kòkòrò inú ìfun á sọ glycyrrhizin di èròjà mìíràn tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nínú kíndìnrín, èròjà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dí kọ́tísọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kó má bàa máa pàṣẹ fún kíndìnrín. Kọ́tísọ́ọ̀lù ni hòmóònù tó máa ń pọ̀ lára wa nígbà tí nǹkan bá le. Likorísì á wá so ẹ̀ṣọ́ yìí lọ́wọ́, kọ́tísọ́ọ̀lù á sì ráyè sọ fún kíndìnrín pé kó di iyọ̀ àti omi mú, kó sì máa da potasiọ́mù, èròjà tí iṣan àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, nù sínú ìtọ̀. Bí iyọ̀ àti omi bá pọ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ á ru. Bí potasiọ́mù bá lọ sílẹ̀, iṣan á rọ, ọkàn náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège. Kò sí májèlé tí ẹnikẹ́ni bù sí i o. Èròjà tó ń dùn lẹ́nu náà ló ń ṣe gbogbo èyí.

Ní ọdún 2020, àwọn dókítà ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà ròyìn ọkùnrin ẹni ọdún 54 kan tó kú nítorí pé ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Súìtì likorísì dúdú ló ń jẹ, àpò kan àtààbọ̀ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Potasiọ́mù ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà náà ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá ti tó 40 ọdún, tó ń jẹ ìwọ̀n áúnsì méjì súìtì likorísì dúdú lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lè bá ara rẹ̀ ní ọsibítù pẹ̀lú ọkàn tó ń lù ségesège. Áúnsì méjì kò ju nǹkan bíi gíráàmù 57 lọ. Mi ò sọ èyí kí ẹ̀rù lè bà yín. Ife méjì lóòjọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kò jọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí a mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa.

Igbesẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó tọ́ sí yín

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun ni kẹ́ ẹ ṣe èyí.

Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fi í sílẹ̀. Mi ò ní kí ẹ mu díẹ̀. Mo ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Bákan náà ni fún ẹni tó ní àrùn ọkàn, àrùn kíndìnrín, àrùn ẹ̀dọ̀, tàbí ẹni tí wọ́n ti sọ fún rí pé potasiọ́mù ara rẹ̀ kò tó. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo, ọ̀pọ̀ ló sì ń gbé e kiri láìmọ̀, nítorí náà bó bá ti pẹ́ tí wọ́n ti wọn tiyín, tí ọjọ́ orí sì ti ń lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n ná. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò jù ú.

Oògùn tí ẹ ń lò ló tẹ̀ lé e. Oògùn tó ń mú ni tọ̀, èyí tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ẹsẹ̀ wíwú, òun náà lè máa lé potasiọ́mù jáde. Bí likorísì bá tún kún un, ọwọ́ méjì ló ń dà á nù nìyẹn. Digoxin tí àwọn ọlọ́kàn ń lò máa ń di eléwu nígbà tí potasiọ́mù bá kéré. Prednisolone àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń dín ara wíwú kù, warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti oògùn ìyàgbẹ́ tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́, gbogbo wọn ni kò bá likorísì ṣe. Ní ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ohun tí oògùn ń dì ni likorísì á máa tú. Bí oògùn kan bá wà tí ẹ ń lò tí mi ò dárúkọ, apòògùn tó tà á fún yín ni kẹ́ ẹ bi.

Aboyún kò gbọ́dọ̀ fi ṣe oògùn ikọ́. Ní Finland, níbi tí wọ́n ti fẹ́ràn súìtì likorísì gan-an, àwọn olùwádìí rí i pé àwọn ìyá tó jẹ ẹ́ lájẹjù nínú oyún sábà máa ń bímọ ṣáájú ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó sì yá, wọ́n rí i pé àwọn kan lára ọmọ wọn kò ṣe dáadáa tó àwọn yòókù nínú ìdánwò ọpọlọ. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú náà, kó ní sùúrù. Àwọn ọmọdé ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó oògùn ní ilẹ̀ Yúróòpù, EMA, kò fọwọ́ sí i fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ọmọ tó ti lé ní ọdún kan tó ń húkọ́ lè lá oyin díẹ̀ kó tó sùn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oyin rárá, nítorí kòkòrò kan wà tó lè wà nínú oyin tí ìfun ọmọ ọwọ́ kò tíì lè bá jà.

Bí ẹ bá ti bọ́ nínú gbogbo èyí, ó yá.

Igbesẹ̀ 2: Rírà á

Oríṣiríṣi ni wọ́n ń tà: odindi gbòǹgbò tó rí bí igi, èyí tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, oje rẹ̀ tí wọ́n sè títí tó fi di dúdú tó sì gan, kóró oògùn, àti súìtì. Èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni mo fara mọ́. Ojú lè rí ohun tí ẹ ń rà, ó sì rọrùn láti wọ̀n. Èyí tí wọ́n lọ̀ lè ti ní nǹkan mìíràn nínú tí ẹ ò ní mọ̀. Oje dúdú lágbára jù, ìwọ̀n kékeré nínú rẹ̀ lè dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ gbòǹgbò.

Súìtì kì í ṣe oògùn ikọ́. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n kọ likorísì sí lára, òórùn anísì lásán ló wà nínú wọn. Àwọn mìíràn kún fún ojúlówó rẹ̀. Ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ mú, ẹ ò sì ní mọ iye tó wọlé.

Orúkọ tó wà lára páálí lè yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tó ti wá. Èyí tó wá láti Íńdíà lè jẹ́ mulethi tàbí yashtimadhu, ti Ṣáínà gancao, ti ilẹ̀ Lárúbáwá irq sus, ti Jámánì Süßholz. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ wá Glycyrrhiza lára rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Bí ẹ bá rí DGL lára páálí, ìyẹn ni èyí tí wọ́n ti yọ glycyrrhizin kúrò nínú rẹ̀. Ikùn ni àwọn èèyàn sábà máa ń lò ó fún, kì í sì í ṣe òun ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí.

Ẹ fọ́ ọ̀kan wò bí ẹ bá láàyè. Inú rẹ̀ yẹ kó pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè, kó ní okùn-okùn. Ẹ fi ahọ́n kàn án: adùn á kọ́kọ́ dé lójú ẹsẹ̀, ìkorò díẹ̀ á tẹ̀ lé e. Èyí tó bá ń rùn bí ohun tó bu, tàbí tó ní funfun-funfun lára, ẹ má rà á.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù níbí, ó sì ṣe pàtàkì. Àwọn kan máa ń pe ojú ológbò, igi tó ń fà tí èso rẹ̀ pupa tí orí rẹ̀ sì dúdú, ní likorísì inú igbó, nítorí pé ewé àti gbòǹgbò rẹ̀ náà dùn. Igi kan náà kọ́ ni wọ́n rárá. Èso ojú ológbò ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní abrin, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá rún ọ̀kan péré lẹ́nu, ó lè gbẹ̀mí rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gbòǹgbò rẹ̀ tàbí ohun mìíràn lára rẹ̀ rọ́pò fún yín.

Igbesẹ̀ 3: Wíwọ̀n

Ìwọ̀n tí EMA kọ sílẹ̀ fún ikọ́ ọ̀fìnkìn nìyí: gíráàmù 1.5 gbòǹgbò tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ sínú mílílítà 150 omi gbígbóná, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Mílílítà 150 jẹ́ ife kékeré kan, kì í ṣe ife ńlá tí a fi ń mu omi.

Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n kékeré tó lè ka gíráàmù kan sí méjì, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹni tí kò bá ní, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ẹ ra àpò tí wọ́n kọ 30 gíráàmù sí lára. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí bébà mímọ́, ẹ pín in sí òkìtì mẹ́rin tó dọ́gba lójú, kẹ́ ẹ wá pín òkìtì kọ̀ọ̀kan sí márùn-ún. Ogún òkìtì kékeré nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 1.5. Ẹ wé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú bébà. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n lọ̀ lẹ ní, ṣíbí kékeré kan tí wọ́n gé ojú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta. Nítorí náà, ìdajì ṣíbí ni. Ìlànà ṣíbí yìí kò ṣe é gbára lé fún èyí tí wọ́n gé, torí pé àwọn ègé rẹ̀ kì í dọ́gba.

Kí ló dé tí mo fi ń ṣe bí akọ̀wé owó lórí gíráàmù kan àtààbọ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Òfin ìwé oògùn Yúróòpù sọ pé ojúlówó gbòǹgbò likorísì gbígbẹ gbọ́dọ̀ ní tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún èròjà adùn náà, ó kéré tán. Gíráàmù mẹ́ta tí ẹ ó mu lóòjọ́ yóò ní tó mílígíráàmù 120. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa oúnjẹ ní Yúróòpù sì ti sọ ní ọdún 2003 pé kí èèyàn má ṣe máa jẹ ju mílígíráàmù 100 lọ lóòjọ́ bó bá jẹ́ ohun tó ń jẹ déédéé. Kì í ṣe gbogbo èròjà inú gbòǹgbò ló ń bọ́ sínú omi, ọjọ́ díẹ̀ lẹ sì fẹ́ lò ó, ìyẹn ló jẹ́ kí ìwọ̀n náà ṣe é gbà. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹnu ààlà la ti wà. Ife kẹta ti kọjá rẹ̀. Ẹni tó bá ki ẹ̀kúnwọ́ gbòǹgbò bọ ìkòkò, tó ń bù mu láti àárọ̀ dalẹ́, kò mọ ibi tó ti dé rárá.

Igbesẹ̀ 4: Sísè

Fún èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tàbí tí wọ́n lọ̀, ẹ dà á sínú ife, ẹ da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e, ẹ dé e. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ sẹ́ ẹ.

Bó bá jẹ́ odindi gbòǹgbò lẹ rí rà, ẹ fi ọ̀bẹ fá a tàbí kẹ́ ẹ fọ́ ọ dáadáa, ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì gbé e kaná pẹ̀lú omi tó lé díẹ̀ ní ife kan. Bó bá ti hó, ẹ dín iná kù, kó máa hó wọ́ọ́wọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Igi le, omi gbígbóná lásán kò ní wọ inú rẹ̀ tó.

Ẹ má ṣe gbé gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ padà sórí iná nítorí pé ó ṣì dùn. Bó bá ṣì dùn, glycyrrhizin ló ṣì ń jáde, ife tí ẹ rò pé ẹ fi ṣe àfikún lásán yẹn náà wọ inú ìṣirò. Ẹ dà á nù.

Ṣúgà kò wúlò sí i. Atalẹ̀ tí ẹ gé pẹlẹbẹ méjì tàbí mẹ́ta bá a mu dáadáa, ó ń mú kí ọ̀fun yá, ó sì ń gé adùn náà kù. Oyin ṣíbí kan lè wọ̀ ọ́ nígbà tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọsàn wẹ́wẹ́ náà lè wọ̀ ọ́. Ẹ má pò ó mọ́ àgbo mìíràn tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí likorísì lè ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ tíì ikọ́ àti tíì ọ̀fun tí wọ́n ń tà nínú páálí ló ní in. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí.

Igbesẹ̀ 5: Mímu

Ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ mu ún gbígbóná díẹ̀, ẹ má gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kó máa gba ọ̀fun lọ díẹ̀díẹ̀, torí pé ọ̀fun ni a torí ẹ̀ ṣe é, ohun tó bá sì sáré kọjá níbẹ̀ kò tù ú lára. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ máa ń le lóru, kó fi ife alẹ́ súnmọ́ àkókò oorun.

Omi lásán ṣì ni kẹ́ ẹ máa mu láàárín méjèèjì, ọ̀pọ̀ omi. Mo máa ń rò pé ìdajì ìtura tí àwọn èèyàn ń rí nínú tíì ikọ́ èyíkéyìí, omi gbígbóná ló ń ṣe é, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ọjọ́ mélòó? Bí ikọ́ bá lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ti ń lò ó, EMA ní kẹ́ ẹ lọ rí dókítà. Ní tèmi, ọjọ́ márùn-ún ti tó. Nígbà yẹn, ọ̀fun tó ń ta ni yóò ti rọlẹ̀, bí kò bá sì tíì rọlẹ̀, kì í ṣe likorísì ló kù díẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú kíndìnrín kì í tán lọ́jọ́ tí ẹ bá dúró. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ara tó padà sípò lẹ́yìn lílo púpọ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e nítorí pé ọ̀fìnkìn tuntun dé.

Bí ẹ ò bá fẹ́ gbé e mì

Ọ̀nà kan wà tí èmi fẹ́ràn jù fún ọ̀fun tó ń ta ni láìsí ikọ́: kí èèyàn fi omi rẹ̀ fọ ọ̀fun, kó sì tu ú dànù. Àwọn dókítà ti dán èyí wò lára àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, torí pé rọ́bà tí wọ́n máa ń kì bọ ọ̀nà èémí wọn sábà máa ń dá ọgbẹ́ sí wọn lọ́fun. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, àwọn tó fi omi likorísì fọ ọ̀fun kí wọ́n tó sùn oorun iṣẹ́ abẹ kò ní ọ̀fun tó ń ta ni tó àwọn tó fi omi ṣúgà fọ tiwọn. Ọ̀fun tí rọ́bà ha kì í ṣe ọ̀fun tí ọ̀fìnkìn mú, mo mọ̀. Àmọ́ awọ kan náà ni wọ́n ń tù lára.

Ìdajì gíráàmù likorísì nínú mílílítà 30 omi ni wọ́n lò. Ẹ po ìwọ̀n yẹn nínú gbòǹgbò lílọ̀ mọ́ omi gbígbóná, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ gbà á sẹ́nu, ẹ gbé orí sẹ́yìn, ẹ mí síta díẹ̀díẹ̀ kí omi máa hó lọ́fun, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ wá tu ú. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè fi omi oníyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ ṣe irú rẹ̀, kó sì tu òun náà dànù.

Rírún igi rẹ̀ lẹ́nu ńkọ́? Ó dùn, ó sì ń pe itọ́ wá, ìyẹn nìkan ń tu ọ̀fun. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ iye tó gbé mì. Bí ẹ bá fẹ́ rún un, ẹ má mu tíì rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Igbesẹ̀ 6: Kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ara yín

Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí: orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lọ́nà tí ẹ ò mọ̀ ọ́n sí, ojú tàbí ẹsẹ̀ tó wú, àrẹ̀ tó mú ẹsẹ̀ bí ẹni pé kò lè gùn àtẹ̀gùn, pajápajá, tàbí àyà tó ń lù kìkì. Bó bá jẹ́ ti àyà tàbí ti iṣan tó rọ, ẹ má ṣe dúró sílé kẹ́ ẹ máa wò ó bóyá yóò lọ. Ẹ lọ sí ọsibítù, ẹ sọ fún wọn pé likorísì lẹ ń mu. Àwọn dókítà kì í fìgbà gbogbo bèèrè nípa egbò, ẹ̀jẹ̀ yín nìkan kò sì lè sọ fún wọn ìdí tí potasiọ́mù fi lọ sílẹ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ nílé, kó wọ̀n ọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì tún wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ kẹta. Bó bá ti gòkè, kó dá a dúró.

Ikọ́ tí kì í ṣe ti likorísì

Àwọn ikọ́ kan wà tí kò yẹ kí a fi omi egbò kankan tàn jẹ. Ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Èémí tó ń há, tàbí tó ń súfèé. Àyà tó ń dun ni nígbà tí a bá mí sínú. Ara gbígbóná tó lé ní ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tó lọ tó sì padà wá pẹ̀lú agbára. Ikọ́ tó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pàápàá bí òógùn òru àti rírù bá bá a rìn, torí pé ikọ́ fée wà, ikọ́ ẹ̀gbẹ náà sì wà, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì ní oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fun tó dùn débi pé itọ́ kò ṣe é gbé mì, tàbí tí funfun bò nínú, ó lè jẹ́ bakitéríà, oògùn apakòkòrò sì lè jẹ́ ohun tó nílò. Fún ọ̀fìnkìn lásán, oògùn apakòkòrò kò wúlò, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rà á lò fúnra rẹ̀.

Fífi ìyókù pamọ́

Èyí tí ẹ sè, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ mu ún. Bí ẹ bá sè ife méjì pọ̀ láàárọ̀, kí èkejì wọ fìríìjì títí di alẹ́, kẹ́ ẹ sì tún un gbóná. Gbòǹgbò gbígbẹ tó kù, ẹ fi í sínú ìgò tó ní ìdérí tó le, níbi tí oòrùn àti ọ̀rinrin kò ti lè dé, lókè tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, torí pé ọmọ tó bá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan yóò padà wá. Ẹ lẹ bébà mọ́ ìgò náà: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ rà á, àti "gíráàmù 1.5, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kì í ṣe fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru".